Ẹni Tí Wọ́n Fi Nọ́ńbà Sin

Ọ̀rọ̀ Crownsville kò kúrò lọ́kàn mi. Ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, ló wà. Ní 1911, ìjọba kó ọkùnrin adúláwọ̀ méjìlá wọ igbó ibẹ̀ pé kí wọ́n wá kọ́ ilé ìwòsàn fún àwọn adúláwọ̀ tí orí wọn dàrú. Aláìsàn làwọn méjìlá náà fúnra wọn. Ilé tí wọn yóò há wọn mọ́ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́. Nígbà tó fi máa di 1955, àwọn tó wà níbẹ̀ ti lé ní 2,700, àti ẹni tó ní wárápá, àti ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà, gbogbo wọn lábẹ́ òrùlé kan náà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó kú tí ẹbí kò wá gbé, orí ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ibojì tó wà níbẹ̀ lé ní 1,700. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ènìyàn bá kú, wọ́n á kì í, wọ́n á dárúkọ bàbá tó bí i, wọ́n á ka ìran rẹ̀ dé ìdí. Báwo ni wọ́n ṣe ń ki nọ́ńbà? Janice Hayes-Williams, òpìtàn ará Annapolis, kò gbà kó parí síbẹ̀. Ó tú ìwé ẹ̀rí ikú tó wà nípamọ́ lọ́wọ́ ìjọba Maryland, ó sì ti inú rẹ̀ ṣa orúkọ jáde. Lọ́dọọdún ni àwọn ènìyàn ń pé jọ síbi ibojì náà, tí wọ́n ń pe orúkọ wọ̀nyẹn sókè.

Ní ti ìwé ilé ìwòsàn, òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n bo àṣírí ìlera òkú fún 50 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n rò. Ṣùgbọ́n ta ni à ń bò láṣìírí, òkú ni, àbí ìtìjú àwọn tó wà láàyè? N kò lè dá Amẹ́ríkà nìkan lẹ́bi. Àwa náà, tí a bá fẹ́ fọmọ fọ́kọ, à ń ṣèwádìí bóyá wèrè wà nínú ìdílé. Nítorí ìwádìí yẹn, mélòó làwọn ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí wọn kì í dárúkọ lójú ọmọdé? Ẹbí ti sin wọ́n kí wọ́n tó kú.

Elsie, ọmọ Henrietta Lacks, obìnrin tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ ṣèwádìí, kú ní Crownsville ní 1955, ọmọ ọdún 15. Deborah àbúrò rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun tilẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nígbà tó dàgbà, ó wá a lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ni wọ́n ti kó dànù, àmọ́ òṣìṣẹ́ kan ti tọ́jú díẹ̀ pamọ́, àwòrán Elsie sì wà nínú rẹ̀: ọmọdé tí ìyà ti jẹ, tí ọwọ́ ẹlòmíì di ọrùn rẹ̀ mú. Ohun tí Deborah rí bà á lọ́kàn jẹ́, ara rẹ̀ kò sì dá lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti bi ara mi léèrè títí bóyá ì bá sàn kó má rí i. Ọkàn mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ìyà yẹn ti jẹ Elsie ná, ó sì yẹ kí ẹnì kan nínú ẹbí rẹ̀ bá a sunkún.