Ta Ló Ni Lọ́ọ̀kì Ọ̀bẹ?

Ọ̀bẹ tó ń ká wọ inú èèkù rẹ̀ rọrùn láti fi sápò, ṣùgbọ́n bí ó bá ká padà lójijì nígbà tí a ń fi gé nǹkan, ìka ẹni tó mú un ni yóò gé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń fi lọ́ọ̀kì sí i, kí ojú ọ̀bẹ má lè padà títí ẹni tó mú un yóò fi tú u. Bí ẹnì kan bá wá ronú kan irú lọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ṣe irú rẹ̀, ṣé olè ni ẹni kejì?

Kí a tó pe ẹnì kejì lólè, ó yẹ kí á mọ ẹni àkọ́kọ́. Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. Lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Michael Walker ni gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ lọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní Liner Lock. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú èèkù. Bí a bá ti ṣí ọ̀bẹ tán, irin náà yóò sún bọ́ sẹ́yìn ojú ọ̀bẹ, yóò sì dí i lọ́nà. Nǹkan bí ọdún 1980 sí i ni Walker ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1906 ni ilé iṣẹ́ Cattaraugus ti ní páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba, lórí lọ́ọ̀kì tó jọ ọ́, irú rẹ̀ sì wà lára ọ̀bẹ àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí Walker ṣe ni pé ó yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn ọ̀bẹ kúrò, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ kan tó láti ṣí i àti láti pa á dé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Chris Reeve dé, ọmọ South Africa tó kó lọ sí Idaho. Òun kò fi irin mìíràn sínú èèkù mọ́. Ara èèkù fúnra rẹ̀ ló là, tó sọ di lọ́ọ̀kì. Ó pe ọ̀bẹ náà ní Sebenza, ọ̀rọ̀ Zulu tó túmọ̀ sí iṣẹ́. (Orúkọ náà wù mí ju ọ̀bẹ lọ.) Èmi kò lè pe Walker tàbí Reeve ní olè. A lè fi ìka tọ́ka sí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi kún un.

Olùkọ́ kan lè bi mí pé kí ló dé tí a fi ń na ọmọ tó jí ìwé wò nínú ìdánwò. Orí ọmọ náà ni ìdánwò ń wọ̀n. Bí ó bá kọ ti ẹlòmíràn, a ti wọn orí ẹlòmíràn. Ọ̀bẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó rà á kò béèrè ẹni tó kọ́kọ́ ronú kàn án, ìka rẹ̀ ló ń rò.

Ìka yìí kan náà ló jẹ́ kí n bínú sí irú àwòṣe kan. Ibi tí irin lọ́ọ̀kì ti kan ẹ̀yìn ojú ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dagẹ̀rẹ̀ jù, yóò yọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dagẹ̀rẹ̀ tó, ó lè há. Ẹni tó wo àwòrán lásán rí bí ó ṣe rí, kò rí ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Tó bá wá fín orúkọ ilé iṣẹ́ tó lókìkí sára rẹ̀, ó ti parọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ìka rẹ̀ gbára lé e.

Àwọn kan ní òfin ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Bill McHenry àti Jason Williams ló ṣe lọ́ọ̀kì Axis tí ilé iṣẹ́ Benchmade ń lò. Ọdún 1998 ni páténtì rẹ̀ jáde. Páténtì kì í wà títí láé. Nígbà tí tirẹ̀ parí, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, àwọn kan sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n orúkọ Axis ṣì jẹ́ ti Benchmade, nítorí náà orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún tiwọn. Òfin gbà kí wọ́n mú ọgbọ́n náà, kò gbà kí wọ́n mú orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí wọ́n má kọ orúkọ McHenry àti Williams sínú ìwé pélébé tó ń bá ọ̀bẹ wá nínú páálí.