Iṣẹ́ Tí A Kò Fẹ́ Kí Ọmọ Wa Ṣe

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí iṣẹ́ kan bá rẹlẹ̀ jù fún ọmọ tèmi, kí ló dé tí mo fi ń retí pé kí ọmọ ẹlòmíràn wá ṣe é fún mi?

Ní ọdún 2023, mo kúrò ní Ìgbògbò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bá ọmọ mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, ó mú mi lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Florence Nightingale, nínú ọgbà ọsibítù St Thomas', létí odò Thames. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ nípa obìnrin alátùpà yìí láti kékeré. Mo rí fìtílà náà: kò tilẹ̀ jọ ti inú àwòrán, ó ṣeé tẹ̀ wálẹ̀ kí ó pẹlẹbẹ. Òwìwí kan tún wà níbẹ̀, òkú rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú kí ó má baà jẹrà. Inú àpò aṣọ rẹ̀ ni arábìnrin yìí máa ń gbé e sí kiri! Ẹyẹ tí àwa ń lé kúrò lórí igi ẹ̀yìnkùlé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo sún sẹ́yìn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Olówó ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ wọn ṣe nọ́ọ̀sì rárá, nítorí iṣẹ́ ẹni tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni lójú ayé ìgbà náà. Ọdún púpọ̀ ni ó fi bá wọn fà á. Ní 1854, ó kó obìnrin 38 lọ sí Scutari ní ilẹ̀ Tọ́kì, níbi tí àìsàn ti ń pa àwọn sójà ju ọgbẹ́ ogun lọ. Ní 1860, ilé ìwé nọ́ọ̀sì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè bẹ̀rẹ̀ ní St Thomas'.

Ilé ìwé yẹn ni ọmọ Èkó kan, Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, tí a bí ní 1915, lọ kẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1946. Bàbá tirẹ̀ náà kò fara mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, nítorí náà iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aláìsàn kan yarí pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ kan òun. Ó fara dà á. Ó padà wálé ní 1954, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH, Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ó ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ó kú ní 1992. Ẹ tún orúkọ rẹ̀ pè kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Èmi náà ṣe bíi bàbá yẹn. Nígbà tí ọmọ mi parí girama, ó ní nọ́ọ̀sì ni òun fẹ́ ṣe. Mo ní ṣé ìgbẹ́ ẹlòmíràn ni yóò máa kó títí ayé? Mo ní àkáǹtì ni kí ó lọ kà, ó sì kà á. Àwọn arúgbó òyìnbó ni ó ń wẹ̀ báyìí. Níwájú fìtílà yẹn ni ó ti rọra sọ pé, "Mọ́mì, iṣẹ́ tí ẹ ní kí n má ṣe náà ni mò ń ṣe, àmọ́ n kò ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀."

N kò rí èsì fọ̀.

Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rù òbí nídìí. Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé wa kò tó làálàá rẹ̀, wọ́n sì ń jẹ èébú. Ṣùgbọ́n ta ni ń bú wọn? Nígbà tí ìyá mi wà lórí ibùsùn ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ ni ó ń nù ún nídìí lóru. Mo bú u lọ́jọ́ kan nítorí pé ó pẹ́ kí ó tó gbé póò dé. N kò tilẹ̀ bi í ní orúkọ rẹ̀.

Ní oṣù tí mo padà dé, ọmọ àdúgbò wa kan bẹ̀ mí kí n bá òun bá bàbá òun sọ̀rọ̀, kí ó jẹ́ kí òun gba fọ́ọ̀mù ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Mo lọ. Ọkùnrin náà fi àga fún mi, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin gbà kí ọmọ tiyín ṣe é?"

Mo ní, "Rárá, n kò gbà." Mo wá jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ròyìn fún un.