Láti Ẹsẹ Kejìlá Lọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà nínú mọ́tò láti aago márùn-ún, ẹ kú ìrìn, Olúwa á ṣọ́ yín.

*Kíkà:* Ẹ́kísódù 31:1-17

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe, ọ̀pọ̀ yín mọ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti wà nídìí máṣíìnì ní Èkó yìí. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ ni pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí orí mi ti gbẹ. Iṣẹ́ ń wọlé o, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà á gbé fóònù síwájú mi, á ní, "Mummy, bó ṣe rí gan-an nìyí ni mo fẹ́," èmi náà á sì rán an bó ṣe rí gan-an. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èmi ni mo máa ń ya sítáì fún wọn. Mo máa ń jókòó ti aṣọ, máa fọwọ́ pa á, máa gbé e sókè wo bó ṣe ń wálẹ̀, kí n tó mú síṣọ́ọ̀sì rárá. Ìgbà wo ni mo ṣe irú ẹ̀ kẹ́yìn? Mi ò rántí.

Mo kọ́kọ́ rò pé àgbà ló ń dé. Àmọ́ ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù wa. Jẹnẹrétọ̀ tèmi rèé, ti onígẹ̀rígẹ̀rì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, alágbo ń fi gbohùngbohùn polówó lójú títì. Bí iná bá wá dé, tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, èmi fúnra mi ni máa sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n yí rédíò sókè. Bó bá di alẹ́, fóònù. (Kí n má purọ́, fóònù yìí kan náà tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.)

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mò ń lọ sí Balógun lọ ra láínìn, la bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí afárá Third Mainland. Afárá yẹn lé ní kìlómítà 11, kò sì síbi téèyàn lè yà sí níbi tá a há sí. Fóònù mi ti kú. Rédíò dírẹ́bà ò ṣiṣẹ́. Mo jókòó ti fèrèsé lápá ọ̀tún, níbi tá a ti ń rí Mákòkó, àwọn ilé orí omi yẹn, àti èéfín tó ń rú lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja. Ọkùnrin kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ lórí ọ̀sà. Ó ju àwọ̀n sómi, ó sì jókòó. Kò fà á, kò wòkè, kò wòlẹ̀. Ẹ má bínú, inú bí mi sí i. Mo ní kí lọkùnrin yìí ń jókòó sí láàárọ̀ kùtù báyìí? Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi pé iṣẹ́ ló wà lẹ́nu ẹ̀ yẹn.

Mo délé, mo ṣí Ẹ́kísódù 31. Orí yìí, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ọlọ́run pe Besaleli lórúkọ, ó fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún un kó lè mọ iṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi gbígbẹ́. Ó yan Aholiabu tì í. Orí 38 sọ fún wa pé òun ló ń fi òwú aláró, elésè àlùkò àti òdòdó ṣọnà sára aṣọ ọ̀gbọ̀. Ẹgbẹ́ wa nìyẹn, ẹ̀yin télọ̀! Bá a bá ń gbàdúrà fún ọgbọ́n iṣẹ́, a máa ń ka orí yìí dé ẹsẹ 11, a ó pariwo Àmín, a ó pa Bíbélì dé.

Ẹsẹ 12 ń kọ́? Ọlọ́run ò tíì dákẹ́ o. Bó ṣe ń ka iṣẹ́ àgọ́ tirẹ̀ tán ló ní kí wọ́n máa pa ọjọ́ ìsinmi òun mọ́. Àgọ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ o, kò sì ní torí pé tòun ni, kí wọ́n máa ṣe é lọ láìdúró. Nígbà tí Mósè wá pe àwọn èèyàn jọ ní orí 35, ọ̀rọ̀ ìsinmi ló fi ṣáájú kó tó dárúkọ wúrà kankan. Ẹ tún wo ẹsẹ 17: Ọlọ́run tí kì í rẹ̀, òun náà sinmi, ara sì tù ú.

Ẹnì kan á ní, "Mummy, Èkó la wà. Owó ilé ń bọ̀, owó iléèwé ń bọ̀." Mo mọ̀ o, èmi náà ń san án. Ṣùgbọ́n ẹ wo Máàkù 6, láti ẹsẹ 30. Èrò tó ń wọlé tó ń jáde pọ̀ débi pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò ráyè jẹun. Jésù ní kí wọ́n wá síbi tó dá, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, èrò ti fẹsẹ̀ sáré ṣáájú wọn débẹ̀! Ìsinmi tí wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn, inú ọkọ̀ ojú omi ló mọ sí. Síbẹ̀, Olúwa ló ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ náà.

Látìgbà yẹn, mo máa ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé. Mi kì í tan jẹnẹrétọ̀, mi kì í tan rédíò. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbèsè ni mò ń rò. Ọjọ́ kejì, oorun gbé mi lọ. Ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ kan tí mo sọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn, tí mo bú u mọ́ òbí ẹ̀ lójú kọ́sítọ́mà. Oṣù méjì ti kọjá lórí ẹ̀, mi ò sì rò ó rí. Bó ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà sunkún, èmi náà sunkún. Mo wá ń rò ó pé bóyá ohun tí mò ń fi rédíò bò mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya apá aṣọ kan tí etí ẹ̀ dà bí àwọ̀n. Kò tíì gún régé, mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì.

*Àdúrà:* Baba, ìwọ tó fi ọgbọ́n sínú ọwọ́ wa, fún wa ní ìgboyà láti gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ níwájú rẹ láàárọ̀ yìí. Ohun tá a bá sì gbọ́ nígbà tá a bá dákẹ́, má jẹ́ ká sá fún un. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú ìmúra iṣẹ́ o.