Ìfẹ̀yìntì Ṣáájú Ọjọ́: Kí Ni A Ó Fẹ̀yìn Tì?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ọ̀dọ́ kì í sábà dá sí, nítorí a rò pé kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ náà ni ti ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí kò tíì rí iṣẹ́, kí ni ó fẹ́ sọ nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n owó oṣù àwọn àgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jókòó ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí àgbà bá sọ pé òun fẹ́ sinmi, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú àpò wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálámù láti bi ẹ̀yin òǹkàwé ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn tí ara rẹ̀ ṣì le, tí òfin sì fún ní àyè láti máa bá iṣẹ́ lọ, fi iṣẹ́ oṣù rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́?

N kò ní wá àpẹẹrẹ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá mi jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Wọ́n ti pé ẹni ọdún 54, wọ́n sì ti lo ọdún 29 lẹ́nu iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ìjọba tí a ti mọ̀ tipẹ́ ni pé kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà tí ó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí nígbà tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn fún àwọn olùkọ́, ó sì sún un síwájú di ẹni ọdún 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí a bá ti ń tẹ̀lé òfin yìí, bí a fi ọjọ́ orí ìyá mi kà á, bí a sì fi ọdún iṣẹ́ wọn kà á, ọdún 11 gbáko ni ó ṣẹ́kù fún wọn. Wọn kò fẹ́ lo ọdún 11 náà. Wọn kò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni kò lé wọn, wọn kò sì rí iṣẹ́ mìíràn tí owó rẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ. Ohun tí wọ́n sọ kò ju pé, "Ó ti tó mi."

Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, tí í ṣe olórí ẹbí, kò gbà. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ rẹ? Ìjọba kò tíì lé ọ, ìwọ ni o fẹ́ lé ara rẹ." Láti ìgbà tí bàbá wa ti ṣaláìsí ni owó oṣù ìyá mi nìkan ti ń gbọ́ bùkátà èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wọn tán, wọ́n bi èmi àkọ́bí wọn pé kí ni mo rí sí i. Kí n tó dáhùn, ó yẹ kí òǹkàwé mọ̀ pé n kì í ṣe adájọ́ tí ó jókòó sí ọ̀nà òkèèrè. Mo wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì, owó tí a ń jiyàn lé lórí yìí ni mo sì ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ẹ̀tọ́ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti ní ètò owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ń jọ dá. Gẹ́gẹ́ bí òfin tí a tún ṣe ní 2014, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni a ń yọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ a sì fi ìdá 10 kún un. Ẹni tí ó bá tètè lọ yóò pàdánù ní ọ̀nà méjì: owó tí ó kó jọ kò ní pọ̀ tó, ọdún tí yóò fi jẹ ẹ́ yóò sì gùn sí i. Bí ọjà bá tún gbówó lórí lọ́dọọdún bí a ti ń rí i yìí, owó tí ó jọ oúnjẹ lónìí lè má tó iyọ̀ lọ́la. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọmọ tí ó wà ní kíláàsì ńkọ́? Olùkọ́ tí ó ti lo ọdún 29 mọ ọmọ tí ebi ń pa yàtọ̀ sí ọmọ tí ìwé kò yé. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá jáde, ìmọ̀ náà bá a jáde.

Ẹ̀sùn kejì ni ti ọ̀lẹ. Gbogbo wa ni a kọ́ ewì iṣẹ́ tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ fi sínú Aláwìíyé, débi pé bí a bá gbọ́ pé ẹnìkan fẹ́ sinmi, ojú ọ̀lẹ ni a kọ́kọ́ fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ oṣù. Nígbà tí Hubert Ògúndé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láàárín 1945 sí 1946, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ẹni ọgbọ̀n ọdún, owó oṣù ni ó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wá ṣe lẹ́yìn náà ní orí ìtàgé kò jẹ́ kí ó sinmi títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ ní 1990. Ta ni ó lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ? Iṣẹ́ oṣù jẹ́ ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà mìíràn kò tíì kúrò lójú ọ̀nà.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan gbèjà ìyá mi, ṣùgbọ́n n kò lè gba ìgbèjà wọn. Wọ́n ní kí àwọn àgbà tètè kúrò lórí àga kí àwa ọ̀dọ́ lè rí ibi jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí ẹni tí ń wá iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù méjì. Àkọ́kọ́ ni pé bí olùkọ́ kan bá lọ, kò dájú pé a ó gba òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ń fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tí a sì ń kó kíláàsì méjì fún olùkọ́ kan. Èkejì wúwo jù ú lọ: ó sọ àgbà di ohun ìdènà. Ẹni tí ó bá ní kí ìyá mi lọ nítorí tèmi, àti ẹni tí ó bá ní kí wọ́n dúró nítorí tèmi, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ. Kò sí èyí tí ó bi ìyá mi léèrè nípa ayé tiwọn nínú àwọn méjèèjì.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ ohun tí a ń sọ, nítorí èdè ni mo ń kọ́. Ìfẹ̀yìntì, kí a fi ẹ̀yìn ti nǹkan, ni. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé kí a dẹ́kun iṣẹ́, kò sì sọ pé kí a sùn. Ohun tí ó sọ ni pé kí a rí ohun kan tí yóò gba ẹ̀yìn wa dúró. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìn sí ibi tí kò sí ògiri, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè ọjọ́ orí kọ́ ni ó kọ́kọ́ yẹ kí a bi ẹni tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Kí a bi í pé: kí ni ìwọ ó fẹ̀yìn tì?

Nínú èdè Faransé tí mo ń kọ́ pọ̀ mọ́ Yorùbá, a kà nípa Michel de Montaigne, ẹni tí í ṣe adájọ́ ní ìlú Bordeaux. Ní 1571, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 38, ó ti fi iṣẹ́ adájọ́ sílẹ̀, ó padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní ìgbèríko, ó ní òun fẹ́ lo ìyókù ọjọ́ òun láàárín ìwé òun. Ibẹ̀ ni ó ti kọ àwọn àròkọ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1580, tí àwọn ará Yúróòpù sì ti ara wọn sọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórúkọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé, "Ẹ ò rí i bí ìsinmi ti dára tó!" Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ńlá tí Montaigne jogún ni ó fẹ̀yìn tì; àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ro oko tí ó ń jẹ. Ìyá mi kò jogún irú rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ìsinmi náà kò gbà á lọ́wọ́ ìlú, nítorí ní 1581 ni wọ́n fi í jẹ olórí ìlú Bordeaux, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1585. Èyí fi hàn pé ìfẹ̀yìntì kì í pa ojúṣe rẹ́.

Àwọn baba ńlá wa ní ọgbọ́n tiwọn lórí ọ̀ràn yìí, mo sì rò pé ó sàn ju ti ìwé òfin lọ. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ kò ní ọjọ́ kan tí a kọ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ yìí ni yóò fi ọkọ́ sílẹ̀. Nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le, oko ẹgàn ni ó ń lọ. Nígbà tí ara bá ń sọ fún un, yóò fi oko ẹgàn lé àwọn ọmọ lọ́wọ́, yóò sì máa ro oko etílé. Tí ó bá tún ṣe, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò jókòó sí, yóò máa lọ́ okùn, yóò máa parí ìjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ń ná ọjà ọ̀nà jíjìn yóò wá di ẹni tí ń pàtẹ ní iwájú ilé, tí yóò sì máa ran òwú ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń dàgbà, à á yé ogun jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yé ogun jà kò yé jẹ́ ọmọ ìlú. Iṣẹ́ oṣù kò mọ ìpele yìí. Lónìí, agogo mẹ́jọ àárọ̀ kò gbọdọ̀ bá ọ nílé. Lọ́la, a kò fẹ́ rí ọ ní ọgbà mọ́.

Èrò mi ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn kúrò ní oko ẹgàn kí òfin tó mú un kúrò, bí ó bá ti ní oko etílé. Ó sì dá mi lójú pé "Ó ti tó mi" jẹ́ ìdí tí ó tó. A ti sọ ọ́ di àṣà pé kí òṣìṣẹ́ tó lè sinmi, àfi kí ó ṣàìsàn tàbí kí ó rí owó tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ti fi ọdún 29 jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì, tí ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní a, b, d, kò jẹ wá ní àwíjàre mìíràn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, tí òfin 2012 fún ní àyè títí di ẹni 70 ọdún, lè rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ó rẹ̀ ní 54. Ṣùgbọ́n ọmọ 60 nínú kíláàsì kan kò jọ ìwé 60 nínú àpótí.

Kí wá ni ìyá mi ó fẹ̀yìn tì? Wọ́n ní ilé tí bàbá wa kọ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fi ń rán aṣọ ilé-ìwé láti ìgbà tí a kò tíì bí mi. Oko etílé wọn nìyẹn. Wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì tí kò pọ̀. Èyí tí ó kù ni àwa ọmọ. Òkété bí ó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀pọ̀ nínú wa sì rò pé ìgbà tí a bá di olówó ni òwe yìí tó kàn wá. Ní tèmi, ọjọ́ tí ìyá bá ní ó ti tó òun ni gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo dá wọn lóhùn báyìí pé: "Màmá, ẹ má ka owó ilé-ẹ̀kọ́ tèmi mọ́ ọn. Ẹ parí ọdún ẹ̀kọ́ yìí nítorí àwọn ọmọ kíláàsì yín. Kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí a lọ mọ iye tí wọ́n ti dá pa mọ́ fún yín gan-an, kí a má fi ẹnu lásán ṣírò." Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, bí kò bá tó, n ó dá ẹ̀kọ́ dúró fún ọdún kan, n ó sì padà wá. Àbúrò tí ó tẹ̀lé mi yóò parí ilé-ìwé girama lọ́dún yìí. Èyí tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni ti àbúrò wa kékeré tí ó ṣì ku ọdún mẹ́rin fún, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kan àti lẹ́sìnnì kan kò lè gbé e tán. Bóyá ọdún kan sí i ni ìyá mi ó fi dúró nítorí rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró, kí ó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fún wa ní ọdún náà, kí a sì mọ̀ ọ́n sí ẹ̀bùn. Kò yẹ kí a gbà á lọ́wọ́ wọn bí owó orí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ béèrè nílé bóyá ó ti tó ẹnìkan tí kò lè sọ ọ́ jáde nítorí yín. Ẹni tí èrò rẹ̀ bá sì yàtọ̀ sí tèmi, ojú ìwé wa ṣí sílẹ̀. Kí ó kọ tirẹ̀ wá.