Agbára Àyálò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀wù àyáwọ̀ kì í báni lára mu: bí kò bá fún ni, a máa ṣò. Ǹjẹ́ agbára àyálò, èyí tí eléré ìdárayá ń wá nínú oògùn kí ojú rẹ̀ lè dá, kí ọpọlọ rẹ̀ sì jí pépé, yàtọ̀ sí ẹ̀wù bẹ́ẹ̀?

Ẹnìkan lè dáhùn pé awakọ̀ òru ń jẹ obì, akẹ́kọ̀ọ́ ń mu kọfí, caffeine kan náà ni ó sì wà nínú méjèèjì. Èsì yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin pàápàá yí padà lórí rẹ̀: títí di ìparí ọdún 2003, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí caffeine kọjá ìwọ̀n kan nínú ìtọ̀ eléré, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ohun èèwọ̀. Bí òfin bá ń yí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀rí-ọkàn yóò dì mú?

Lójú tèmi, àárẹ̀ ni ọdẹ tí ń ṣọ́ ilé ara: òun ni í kígbe kí ewu tó wọlé. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje, ọdún 1967, Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sókè Mont Ventoux nínú ìdíje Tour de France. Oòrùn mú ganrínganrín. Ó ṣubú, wọ́n gbé e padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó tún ṣubú, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi amphetamine hàn. Agbára tí ó rò pé òun ní, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó ń ná. Oògùn ti pa ọdẹ lẹ́nu mọ́.

Àìmọ̀ ni ewu kejì. Ní Delhi, lọ́dún 2010, Nàìjíríà pàdánù góòlù 100 mítà àwọn obìnrin nínú ìdíje Commonwealth nítorí methylhexaneamine tí wọ́n rí nínú ara eléré rẹ̀. Nígbà náà, èròjà yìí wà nínú àfikún oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni lè rà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kì í bi eléré bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ kí ó tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kẹ́kọ̀ọ́ lára obì. Ojú agbo ni a ti ń pa á; gbogbo ẹni tó jókòó ló mọ ohun tí a pín. Ohun tí eléré bá lè dárúkọ, tí ó lè jẹ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń díje, tí kò sì di etí rẹ̀ sí igbe àárẹ̀, kí ó jẹ ẹ́. Èyí tí ó bá gbọ́dọ̀ fi pamọ́, ẹ̀wù ẹlòmíràn ni. Kí ó bọ́ ọ sílẹ̀.