Yíyan Ibùgbé Fún Ọmọ Ní Ilẹ̀ Etí Òkun

Kò sí ọdún kan tí a kì í sin àwọn ará kan sọ́nà Èkó láti ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí. Láti Ṣakí, láti Ìsẹ́yìn, láti Ìgbòho àti Kíṣí ni wọ́n ti ń lọ, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, ẹrù lórí ọkọ̀, àdúrà lẹ́nu. Odò Ògùn pàápàá, èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilẹ̀ wa, kì í dúró lọ́dọ̀ wa: lápá ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ṣẹ̀, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì lọ já sínú ọ̀sà ní Èkó. Nítorí náà a kò lè bá ẹnikẹ́ni wí pé ó tẹ̀lé omi. Ṣùgbọ́n omi kò ní ọmọ tí yóò rán ní ilé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní ìlẹ̀kùn tí yóò tì ní alẹ́. Ènìyàn ni ó ní gbogbo èyí, ó sì yẹ kí a bi ara wa léèrè pé: nígbà tí baálé ilé bá ń yan àdúgbò ní ilẹ̀ etí òkun, nítorí ta ni ó ṣe ń yàn án, kí ni ó sì yẹ kí ó fi yàn án?

Ọ̀pọ̀ oníwàásù a máa dá Lọ́tì lẹ́bi nítorí pé ó yan pẹ̀tẹ́lẹ̀ Jọ́dánì tí ó kún fún omi. Èmi kò lè bá wọn lọ títí dé òpin. Ẹni tí ó ti da ẹran rí ní ilẹ̀ ọ̀dàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó ti rí i bí kànga ti ń gbẹ, kò ní pe wíwá omi ní ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe Lọ́tì ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi ilẹ̀ náà. Ó wo omi, kò wo àwọn tí ń mu ún. Àpọ́sítélì Pétérù, nínú Ìwé rẹ̀ Kejì, ka Lọ́tì sí olódodo, èyí gan-an ni ó sì yẹ kí ó dẹ́rù bà wá: baba jẹ́ olódodo, síbẹ̀ nígbà tí ó kìlọ̀ fún àwọn àna rẹ̀ pé kí wọ́n jáde, wọ́n rò pé àwàdà ni ó ń ṣe. Ìlú ti kọ́ wọn ní ohun tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ èyí dájú. Wákàtí díẹ̀ ni ọmọ ń lò níwájú olùkọ́, díẹ̀ ni ó ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀. Ní ìyókù, àgbàlá àti òpópó ni ó ń kọ́ ọ. Ẹni tí ó yan àdúgbò ti yan olùkọ́ fún ọmọ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ olùkọ́ náà.

Ilẹ̀ etí òkun kò sì dà bí tiwa. Ọyẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Ooru ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹ̀fọn rí irà púpọ̀ yé sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí ó súnmọ́ òkun, iyọ̀ ti wọ inú omi kànga. Kí ẹni tí ó fẹ́ gba ilé má ṣe lọ wò ó ní oṣù Kínní nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí gbogbo ọ̀nà sì funfun. Kí ó lọ ní oṣù Keje, tàbí ní oṣù Kẹwàá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí a tú omi sílẹ̀ láti ibi ìsédò Ọ̀yán, tí ó sì dà sínú odò Ògùn, omi bo Ajégúnlẹ̀ tí ó wà ní ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá fi ilé sílẹ̀. Àwọn tí ó fi ẹ̀ẹ̀rùn wo ibẹ̀ kò mọ̀ pé odò a máa padà wá béèrè ilẹ̀ rẹ̀. Kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ọ̀nà tí ọmọ yóò máa gbà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Kí ó jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kì í fi dídán nìkan ra òwú, yóò fà á wò. Ní ti owó ilé, òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2011 kọ̀ fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a tilẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo onílé ni ó gbọ́.

Bí a bá dúró níhìn-ín, ṣe ni a óò dà bí ẹni tí ń ṣa iṣu lọ́jà. Àdúgbò kì í ṣe iṣu. A kì í bá a nílẹ̀ ní pípé. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ di rere tàbí búburú.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè ibi tí ó fẹ́ gbé. Ní ọdún 1821 ni àwọn akónilẹ́rú kọlu Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì kó Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ó sì di èrò inú ọkọ̀ àwọn Pọtogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, a sì mú un lọ sí Sàró, sí abúlé Bathurst. Ẹ rò ó wò. Etí òkun ni Sàró náà wà, ibi ooru àti òjò ńlá. Àwọn tí a kó jọ síbẹ̀ kò yan ara wọn. Ìlú wọn yàtọ̀, èdè wọn yàtọ̀, ogun ti wà láàrin ìlú àwọn ẹlòmíràn nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń ran aláìsàn lọ́wọ́, wọ́n sì ń rán ọmọ wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Níbẹ̀ ni Àjàyí ti ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, tí ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Níbẹ̀ ni ó ti fẹ́ Asano, ẹni tí a gbà nínú ọkọ̀ ẹrú bí tirẹ̀, tí ó di Susan.

Ìgbà kejì tí ó dojú kọ etí òkun wa, òun fúnra rẹ̀ ni ó yàn án. Ní oṣù Kínní ọdún 1845 ni ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú aya àti ọmọ, òun àti Townsend àti Gollmer, ìlú tí a ti ń ta ènìyàn bí ẹrù. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ó sì ju ọdún kan lọ kí ó tó là. Wọn kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn, wọ́n sì kó ọmọdé jọ fún ẹ̀kọ́.

Ẹnìkan lè wí pé míṣọ́nnárì ni àwọn wọ̀nyí, àwa kì í sì í ṣe míṣọ́nnárì. Òtítọ́ ni. Èmi kò wí pé kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ ọdún mẹ́fà lọ sí àárín àwọn jàǹdùkú kí ó lè rí ẹni wàásù fún. Ohun tí mo ń wí ni pé ìbéèrè méjì ni ó wà, ọ̀kan ni a sì ń bèèrè: kí ni àdúgbò yìí yóò ṣe fún ọmọ mi? Èkejì ni pé, kí ni dídé wa yóò ṣe fún ọmọ tí a bá níbẹ̀?

Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun fún àwọn ará Màrókò ní ọjọ́ méje, lẹ́yìn náà ó fi katakata wó ìlú náà. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a kà sí ẹni tí ilé wọn lọ. Lórí ilẹ̀ náà ni ilé ńláńlá wà lónìí, pẹ̀lú ògiri gíga àti olùṣọ́nà, àwọn ọmọ sì lè gun kẹ̀kẹ́ lójú pópó láìsí ewu. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé níbẹ̀? Èmi kò ní dá a lẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ó ra ilé lónìí ni ó wó ti àná. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí baba sọ fún ọmọ rẹ̀ ẹni tí ó ti gbé ibẹ̀ rí, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ olùṣọ́nà ibi tí àwọn ọmọ tirẹ̀ ń sùn. Ní tèmi, bí a bá ní kí n yàn, n óò fi ògiri gíga sílẹ̀, n óò sì mú òpópó kan tí kò lówó púpọ̀, níbi tí ìyá kejì lè pe ọmọ mi dúró kí ó bá a wí nítorí ìwà àìdára, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Kí a má sì gbàgbé pé àlejò ni àlejò. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ni ó ti ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, títí dé Àkárà létí òkun. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ìpalẹ̀mọ́ ọ̀sẹ̀ méjì, fún ẹni tí ó ti bí ọmọ níbẹ̀! Ẹni tí ó ti ń mú ọmọ wá sílé lọ́dọọdún, tí ọmọ rẹ̀ mọ orúkọ agboolé, rí ibi fi orí lé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù, ti àwọn tí a fi sílẹ̀. Afala, ìyá Crowther, wà láìrí ọmọ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tún pàdé ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Kò sí ẹni tí yóò fi jíjí ọmọ gbé wé ìwé iṣẹ́ láti Èkó. Síbẹ̀ àga tí ó ṣófo ní ilé àgbà kì í bèèrè ohun tí ó mú ọmọ lọ. Nígbà tí tọkọtaya bá jókòó ní Ṣakí tí wọ́n ń ka yàrá ilé tí wọ́n fẹ́ gbà ní etí òkun, ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún àwọn ọmọ, ta ni nínú wọn ni ó kọ́kọ́ rántí láti ka ti ìyá mọ́ ọn?