Eré Ọmọdé Tí Kò Tán

Àwọn àgbà a máa wí pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé òtítọ́ ni èyí ní ti ọgbẹ́ tí ó wà lára. Ǹjẹ́ òtítọ́ ha ni pẹ̀lú ní ti ọgbẹ́ tí ọmọdé fi yẹ̀yẹ́ dá sí ọkàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa dáhùn pé, “Eré ọmọdé ni, bí wọ́n bá dàgbà, wọn a gbàgbé.” Àwa pẹ̀lú ti wí bẹ́ẹ̀ rí, títí ọjọ́ ọjà kan ní Òmùpo fi kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ní ọjọ́ náà, a pàdé ọkùnrin kan tí a jọ kàwé ní kékeré. Káfíńtà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì dára púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní ilé-ìwé, ṣùgbọ́n òun kò wá sí ìpàdé àwọn òbí rí. A fi ọ̀yàyà kí i, a sì béèrè ìdí rẹ̀. Akólòlò ni láti kékeré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì dá wa lóhùn bí ẹni tí ń bá àlejò sọ̀rọ̀, pé: “Tíṣà, bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀ láàrin àwùjọ, ẹ̀rín yín ni mo ń gbọ́.”

Nígbà náà ni a rántí. Nígbàkigbà tí olùkọ́ bá ní kí ó kàwé sókè, àwa ni a máa ń sín in jẹ, tí gbogbo kíláàsì yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àwa tí a ṣe é ti gbàgbé. Ẹni tí a ṣe é sí kò gbàgbé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn ọkùnrin kan ṣoṣo ni èyí. Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí a bí láàrin ọ̀sẹ̀ kan ní 1958. Nígbà tí àwọn ọmọ náà wà ní ọdún 7 àti ní ọdún 11, a bi àwọn òbí wọn léèrè bí àwọn ọmọ mìíràn bá ń fìyà jẹ wọ́n. Ní 2014, àwọn onímọ̀ ní King's College London tẹ ohun tí wọ́n rí lára 7,771 nínú wọn jáde. Nínú ọgọ́rùn-ún, 28 ni a fìyà jẹ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, 15 sì ni a fìyà jẹ léraléra. Nígbà tí wọ́n dàgbà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn pọ̀ láàrin àwọn tí a fìyà jẹ léraléra ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹni tí wọ́n lè fẹ̀yìn tì kò sì pọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé, “Àwa jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn síníọ̀ wa, ìyà náà ni ó sì sọ wá di ènìyàn.” Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìyà ni ó ń tọ́ni ni, tàbí ìbáwí? Ẹni tí ń báni wí ń wá ire ẹni tí ó ń bá wí. Bí ẹni náà bá yí padà, yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ń fìyà jẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ẹ̀rín àwọn tí ń wòran; bí ẹni náà bá sunkún, yóò tún fi kún un. A ní kí a fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a sì fi òsì fà á mọ́ra. Níbo ni ọwọ́ òsì wà nínú ìyà síníọ̀?

Ohun tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ni láti máa dúró de ọjọ́ tí àwọn náà yóò di síníọ̀. Ìyà náà kò tán. Ọwọ́ ni ó pààrọ̀. Júníọ̀ àná di síníọ̀ òní. Lọ́la ó di olùkọ́ tí ń fi ìbínú gbé pàṣán, tàbí baálé tí gbogbo ilé ń gbọ̀n níwájú rẹ̀, tàbí ọ̀gá tí ń mú tálákà dúró nínú oòrùn.

Síbẹ̀ ìrètí ń bẹ. Ní ìlú Bergen ní ilẹ̀ Nọ́wè, láàrin 1983 àti 1985, Dan Olweus àti àwọn olùkọ́ ilé-ìwé 42 dojú kọ ìwà yìí. Wọ́n ń ṣọ́ pápá ìṣeré, wọ́n fi òfin lélẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n sì bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Láàrin ọdún méjì, ìwà náà dín kù tó bí ìdajì. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ rántí pé ẹ̀rín yín ni owó iṣẹ́ ẹlẹ́yà; bí ẹ kò bá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ náà yóò sú u.

Àwa tí a ti ṣe é ńkọ́? Ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa yìí, ère òkúta tí ó ju 1,000 lọ wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti fọ́, a sì ti tún àwọn kan lẹ̀ pọ̀. Ère kò mọ ẹni tí ó fọ́ òun, ènìyàn mọ̀. Nítorí náà ni a ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà láti tọrọ àforíjì. Kò wí pé òun ti dárí jì wá. Ó nu ìjókòó kan fún wa, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ní ìpàdé òbí tí ó tẹ̀ lé e, ó wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe dá gbèsè tí ẹ óò fi ọgbọ̀n ọdún san, tí kò sì ní tán.